Ẹni Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn Kì Í Ṣe Ẹlẹ́wọ̀n

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi làákàyè ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun nípa àwọn tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn tí a máa ń fi pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nígbà tí àlejò bá dé: àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn.

Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní schizophrenia. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń bá nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 ènìyàn jà láyé, ìyẹn ẹnì kan nínú 300. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. A máa rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun. A máa yẹra fún ènìyàn. Nígbà náà ni ẹbí yóò ní àlùjọ̀nnú ni, tàbí pé ayé ló ṣe é.

A gbàgbọ́ pé àlùjọ̀nnú ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ gbogbo àìsàn di tirẹ̀ ti sọ ohun tí kò mọ̀. Àwọn èròjà kan ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láàrin ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, dopamine, ni ó ń jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó yẹ láti fiyè sí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ní apá kan ọpọlọ, ohun tí kò já mọ́ nǹkan yóò di àmì ńlá: ẹ̀rín ẹni tí ń kọjá lọ yóò di ọ̀tẹ̀. Oògùn dókítà a máa dí ọ̀nà tí èròjà náà ń gbà jíṣẹ́. Àrùn yìí lè rìn nínú ìdílé, igbó mímu sì ń fi kún ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ òbí.

Ànábì kọ́ wa pé a gbé gègé àkọsílẹ̀ kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ sọnù títí yóò fi gbádùn. Ó sì pa á láṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Ẹni tí Ọlọ́hun kò bi léèrè, kí ni a ń nà án fún? Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun parí ní Cairo ní ọdún 1284 ní yàrá fún irú wọn. Ní Aró, l'Abẹ́òkúta tiwa, láti ọdún 1954, Dókítà Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa bá ẹbí wọn gbé ní abúlé àyíká, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ìtọ́jú bá ti ń pẹ́ ni àìsàn ń le sí i. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Bí Ràmàdáánì bá ń bọ̀, ẹ bi dókítà léèrè ṣáájú ààwẹ̀. Ẹ máa ṣe àdúà sí i. Àdúà kò lé oògùn jáde. Ẹni tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sì wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ níbikíbi, kí ó lọ tú u, kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí Jímọ̀ mìíràn tó dé.

Ọlọ́hun, fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù, kí O sì pa làákàyè wa mọ́. Àmín.