Òṣùwọ̀n Èké

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní ọdún 1988. Ó fẹ́ràn eré sísá ju oúnjẹ lọ. Òun ni ó sì ń ṣáájú nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù September, àwa méjèèjì jókòó ti rédíò nígbà tí Ben Johnson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, sá eré náà ní ìlú Seoul láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 9.79. Kò sí ẹ̀dá tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 9.79 sára ògiri yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìròyìn dé pé wọ́n bá oògùn stanozolol nínú ìtọ̀ Johnson, wọ́n sì ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn bi mí pé: “Bàbá, ta ni ó wá kù tí kò lò ó?” N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ara ẹni ni ẹni tí ó lo oògùn amáralókun ń bà jẹ́, kò kan ẹlòmíràn. Wọ́n gbàgbé pé bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni í wò. Ta ni ó sì wà níwájú ọ̀dọ́ eléré ìdárayá bí kò ṣe gbajúmọ̀ tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún? Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, Mark McGwire lu bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá nígbà 70 ní sáà kan nínú eré baseball, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Akọ̀ròyìn kan rí ìgò androstenedione nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Oògùn yìí kò lòdì sí òfin eré náà nígbà náà. Orí àtẹ ni wọ́n ti ń tà á. Kàkà kí ìròyìn náà lé àwọn èrò sá, ńṣe ni ọjà rẹ̀ tún gbèrú sí i. Ọdún 2010 ni McGwire tó jẹ́wọ́ pé òun lo steroid.

Ara ọmọdé kì í sì í ṣe ara àgbà. Steroid lè dá egungun ọ̀dọ́ dúró kí ó tó gùn tán. Ó lè sọ ohùn ọmọbìnrin di ti ọkùnrin. Ewu ń bẹ nínú rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Síbẹ̀, kì í ṣe ewu ara nìkan ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà oko rí mọ ìwà àwọn alájàpá kan tí ń gbé kóńgò tí wọ́n ti lù títí inú rẹ̀ fi gbòòrò lọ bá àgbẹ̀. Bí wọ́n bá fi í wọn àgbàdo rẹ̀, kò ní í pé. Àgbàdo kò dín. Òṣùwọ̀n ni ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Àgbẹ̀ tí kò bá fura yóò rò pé oko òun ni kò ṣe dáadáa. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ni 9.79 tí ó wà lára ògiri náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi jiyàn: ṣebí àwọn oníjàkadì ayé àtijọ́ náà ń sán ìgbàdí, wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ìran ni ó mọ̀. Ẹni tí ń bọ̀ wá jà mọ̀ pé ẹnìkejì òun kò wá lọ́wọ́ òfo. Òfin ti Seoul yàtọ̀, kọ̀rọ̀ ni Johnson sì ti rú u. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ta mí lára, nítorí àwa náà ni a ń sọ létí àwọn ọmọ wa pé kò sí aṣẹ́gun tí kò ní nǹkan lẹ́yìn. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí dàgbà kò ní í jìnnà sí ẹni tí yóò na ìgò sí i.

Ní ọdún 1989, níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní Kánádà, ẹni tí ń kọ́ Johnson ní eré sísá sọ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè dé òkè téńté láìlo oògùn. Ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nígbà náà. Bí ó bá tún bi mí lónìí, n ó wí fún un pé àwọn tí kò lò ó wà. Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni a kò mọ orúkọ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó nu 9.79 kúrò lára ògiri, kò sì kọ nǹkan kan dípò rẹ̀. Ó yẹ kí n bi í léèrè iye tí òun fúnra rẹ̀ ń sá a, kí n sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìyẹn síbẹ̀.