Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Iyèméjì?

  

Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tó ń kọ́ ẹṣin gígùn níhìn-ín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ra ẹṣin tiwọn. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin níbi Ojúdé Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mọ̀ pé iyì ẹṣin ti wà lára wa tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin a máa darúgbó. Ó pé ogún ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Dókítà ẹranko wò ó títí, kò rí ìdí rẹ̀. Ṣé ká máa gùn ún lọ?

Ẹṣin kì í ké bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún. Ó mọ ìrora fi pamọ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń dùn ún, orí rẹ̀ ni yóò máa gbé sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kanlẹ̀. Dókítà á tẹ pátákò rẹ̀ wò, bóyá ọyún ló wà níbẹ̀. Á gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú kan mọ ìrora mọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí títiro bá ti dáwọ́ dúró ni ìrora wà. Á ya X-ray. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, ìdí kì í hàn.

Ní 2018, Sue Dyson, dókítà ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkójọ ìwà 24 jáde tí ẹṣin lè máa hù bí a bá ń gùn ún: kó dá etí sẹ́yìn, kó máa ju ìrù, kó máa la ẹnu. Bí 8 bá pé lára ẹṣin kan, ó ṣeé ṣe gan-an pé ara ń ro ó. Ohun tí à ń pè ní oríkunkun, ìrora ni nígbà mìíràn.

"A kò rí ìdí" àti "kò sí ìrora" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Iyèméjì jẹ́ ẹrù, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ rù ú. Bí a bá gun ẹṣin náà, tí ìrora sì wà, òun ló rù ú. Bí a bá fún un nísinmi, tí kò sì sí ìrora, kí la pàdánù? Sátidé díẹ̀ àti owó. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ló yẹ kó rù ú.

Ẹnìkan lè ní, "Ogbó lásán ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé tó ti gbó tilẹ̀ lè fẹ́ ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ìdúró sójú kan lọ, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ bi ara yín: nítorí ta ni? Oògùn ìrora tí a fún un kó lè jẹko pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àánú ni. Oògùn kan náà, tí a fún un kí ọmọ lè gùn ún lọ́la, ẹnu rẹ̀ la fi dí. Èyí tó burú jù ni ká fún un loògùn, ká wá tà á fún ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ rántí ràkúnmí inú ọgbà kan ní Mọdínà, tó rí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ànábì fọwọ́ pa á lára títí ó fi dákẹ́. Ẹni tó ni ín ló kọ́kọ́ béèrè, ó sì bá a wí nítorí ebi àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó tó fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Nínú ààwẹ̀ yìí, ebi wà lára wa tí X-ray kankan kò lè yà. A gbà pé Ọlọ́hun rí i. Ẹ jẹ́ ká gbà bákan náà pé ìrora lè wà lára ẹlòmíràn tí ojú wa kò tó: lára ẹṣin tó ń tiro, àti lára màmá àgbà tó ní orúnkún ń ro òun, tí dókítà sọ pé kò sí nǹkan.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àánú sí ohun tó fi sí wa níkàáwọ́. Àmín.