Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Ìbéèrè kan wà tó ti ń gbé mi lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́: bí èèyàn bá sọ pé Ọlọ́run ni òun gbẹ́kẹ̀ lé, ṣé ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé nǹkan ń dun òun? Mi ò sọ pé kó sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ o. Mo ní kó là á mọ́lẹ̀, kí Ọlọ́run gbọ́, kí èèyàn náà sì gbọ́.

Láàárín àwa Kristẹni tá a jẹ́ Yorùbá, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ wa ti gbà láì tiẹ̀ rò ó ni pé rárá, kò lẹ́tọ̀ọ́. Bí ibà bá dá èèyàn dúbúlẹ̀, a ní kó sọ pé "ara mi le." Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá wá ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á ti pariwo: "Má sọ bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọ kóòdù wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n máa lọ sílé ní 2023, ọdún tí náírà já wálẹ̀, tí owó epo sì fò sókè. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi wá iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí wọ́n bá ti bi í pé báwo ni nǹkan, èsì kan náà ni: "A ti borí." Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í sùn mọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní òun ò fẹ́ fi ẹnu ara òun ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́.

Mi ò ní fi irú ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ní gbòǹgbò. Kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára. Ìdí nìyẹn tá a fi ń bẹ̀rù èpè, tá a sì ń wá ìre lẹ́nu àgbà. Àfọ̀ṣẹ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ìwé àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà bíi Kenneth Hagin wá tàn kálẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń kọ́ wa pé ohun tá a bá fi ẹnu jẹ́wọ́ ló máa tẹ̀ wá lọ́wọ́, orí ilẹ̀ tó ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀ ni irúgbìn yẹn bọ́ sí. Ọgbọ́n sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ráhùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ìráhùn á di ilé tó ń gbé. Ọ̀rọ̀ ìrètí máa ń gbé èèyàn dìde. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn kọ̀ láti jẹ́ kí ìṣòro borí òun, ọ̀tọ̀ ni kó máa sọ pé kò sí ìṣòro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà á tètè yé. A lè kọ kóòdù kan lọ́nà tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, ńṣe ló máa gbé e mì, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnì, á rí i kà pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀ ò dé ibi tó ń lọ. Àṣìṣe tó bá pariwo, a lè rí i tún ṣe kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó bá dákẹ́ ló ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, torí ìgbà tá a bá fi máa mọ̀, ó ti ràn kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sọ pé ara òun le kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé: ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí wá ni Bíbélì fúnra ẹ̀ ṣe nípa ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ wo ìwé Sáàmù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà ládùúrà òru. Nínú Sáàmù 150 tó wà níbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ igbe ẹni tí nǹkan ń dùn. Àwọn tó kọ wọ́n ò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó fi jìnnà, wọ́n sọ fún un pé ọ̀tá ń fi àwọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹkún ò jẹ́ káwọn sùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń yí padà sí ìyìn kó tó parí. Sáàmù 88 ò yí padà o. Inú òkùnkùn ló bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn náà ló parí sí. Síbẹ̀, àwọn tó kó ìwé náà jọ kò yọ ọ́ kúrò. Lójú tèmi, ṣe ló dà bíi pé wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí onígbàgbọ́ kan ò ní ní àdúrà míì lẹ́nu ju ìyẹn lọ.

Ẹ wo Jóòbù náà. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, wọ́n wá jókòó tì í nílẹ̀ ní ọjọ́ méje, ọ̀sán àti òru, wọn ò sọ̀rọ̀. Ohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà dé. Wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé Jóòbù dẹ́ṣẹ̀ ni. Jóòbù ní tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ọlọ́run, ó ráhùn, ó bèèrè ìdí. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run da ìbéèrè bò ó títí tó fi fọwọ́ bo ẹnu. Àmọ́ nígbà tí ìwé náà máa parí, ní orí 42, àwọn tó gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, Jóòbù tó ráhùn ló sì ní ó sọ̀rọ̀ òun bó ṣe tọ́.

Jésù pàápàá sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde. Ní Gẹtisémánì, ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta pé ọkàn òun bàjẹ́, ó sì bẹ Baba ẹ̀ pé bó bá ṣeé ṣe, kó mú ìyà náà kúrò. Bó bá jẹ́ pé àìnígbàgbọ́ ni kéèyàn sọ pé ó ń dun òun, a jẹ́ pé Jésù náà ò nígbàgbọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ṣe gudugudu méje láti túmọ̀ Bíbélì yẹn sí èdè wa, Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, òun àti ìyá ẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ló sì ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà kan tó fi ròyìn bí wọ́n ṣe mú un. Kò fi nǹkan pa mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹ̀rù pé wọ́n máa ta òun fún òyìnbó bà òun débi tóun fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti sọ pé òun rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ ayé òun. Méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ò lé èkejì jáde.

Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, Crowther àti ìyá ẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí ni, ibẹ̀ la máa ti pàtẹ́wọ́, tá a máa jókòó. Àmọ́ ayé ò parí síbẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lágbègbè odò Ọya, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa lọ. Bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ní láti fi ìgbìmọ̀ tó wà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ kò sọ ọdún 1890 di ọdún ayọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú sínú ìgbàgbọ́ yẹn.

Ẹnì kan á wá bi mí pé: bí ìgbàgbọ́ ò bá ní kí nǹkan má dùn wá, tí kò sì ṣèlérí pé gbogbo ẹ̀ máa já sí ayọ̀ níṣojú wa, kí la wá fara tì? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé ká wo ọ̀rọ̀ náà, ká *fara ti* nǹkan. Ẹni tó fara ti ògiri, ìwúwo ara ẹ̀ ló gbé lé e. Ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun ò wúwo, kò tíì fara ti nǹkan kan; orí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló ṣì dúró sí, ẹsẹ̀ yẹn sì ń gbọ̀n. Ọmọ kékeré máa ń ké nítorí ó mọ̀ pé ìyá òun wà nítòsí. Èyí tó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn, kì í pẹ́ tó fi ń dákẹ́. Nítorí náà, igbe tá a ké sí Ọlọ́run, ìgbàgbọ́ ni. Kò sẹ́ni tí í ké pe ẹni tó gbà pé kò sí níbẹ̀.

Àṣà wa náà mọ èyí. Lágbègbè Ọ̀yọ́, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á sọ bí ilé tó ń fi sílẹ̀ ṣe ń ro ó lọ́kàn, á tọrọ ìre, omi á máa dà lójú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó dákẹ́ kó má baà ba ìgbéyàwó jẹ́. Ó ń sunkún, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń lọ síbi tó ń lọ.

Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ kan já lé àwa tá a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń jìyà. Bó bá ní ó ti sú òun, ẹ má tètè sọ pé "má sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe jókòó lọ́jọ́ méje àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá oúnjẹ wà nílé, bóyá ó ti lọ rí dókítà. Ọ̀rẹ́ mi padà sọ tẹnu ẹ̀ níbi ìpàdé àdúrà kékeré kan. Ẹnì kan gbé ìrẹsì wá, ẹnì kan bá a san owó iléèwé ọmọ fún tẹ́ẹ̀mù kan, ẹnì kan bá a wá iṣẹ́. Owó iṣẹ́ tó rí ò tó ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó ń sùn. Gbogbo wọn ti ń gbàdúrà fún un tẹ́lẹ̀. Wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n máa ṣe ni, torí pé ẹni tó ti borí kò nílò ìrẹsì.

Mo tún rò pé ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ìjẹ́rìí tí kò tíì parí, kí ẹnì kan lè dìde kó ní, "Mo ṣì ń dúró, ó sì ń dùn mí," kí ìjọ dáhùn pé àmín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó bíi pé ó dẹ́ṣẹ̀.

Yorùbá ní, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn tó pa òwe yẹn ò ní ká má sunkún. Wọn ò sì ní ẹkún á fọ́ wa lójú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú kan náà la fi ń ṣe méjèèjì.