Owó Ta Ni Ó Sọnù?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni èyí: bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá kọ irọ́ sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù nítorí irọ́ náà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gba agbẹjọ́rò kí ó bá wọn gba owó wọn padà, tàbí kí a mú sùúrù, kí a fi ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́? Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹjọ́ owó kò yẹ ọmọ ìjọ. Wọn a tọ́ka sí ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹfà, níbi tí Àpọ́sítélì ti bá àwọn onígbàgbọ́ tí ń pe ara wọn lẹ́jọ́ wí, tí ó sì fẹ́ kí wọ́n kúkú fara da ìrẹ́jẹ. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ṣùgbọ́n kí a tó fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè owó ta ni ó sọnù.

Láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti mọ èsúsú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú èsúsú, olúkúlùkù mọ olórí, olórí sì mọ olúkúlùkù. Bí ó bá kó owó jẹ, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Lónìí, ọ̀nà náà ti jìn. Ẹ wo olùkọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Nípa òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí a tún ṣe ní 2014, náírà 8 ni a ń yọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, agbanisíṣẹ́ a sì fi 10 kún un. Àwọn tí ń tọ́jú owó náà a máa yá ìjọba nínú rẹ̀, wọn a sì máa fi díẹ̀ ra ìpín nínú àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́. Báyìí ni olùkọ́ tí kò mọ ọ̀nà Èkó rí ṣe lè ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, láìmọ̀ rárá.

Bí irọ́ bá wọ inú ìwé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó rẹ́ jẹ? Ní òpin 2006, Cadbury Nigeria, àwọn tí ń ṣe Bournvita tí àwọn ọmọ wa ń mu, jẹ́wọ́ pé wọ́n ti bu iyì èké kún ìwé ìṣirò wọn fún ọdún mélòó kan; ìwádìí sì fi hàn pé àbùkún náà tó bílíọ̀nù náírà 13 sí 15. Ní oṣù kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ olórí báńkì márùn-ún nípò. Olórí Oceanic Bank gbà pé òun jẹ̀bi ní oṣù kẹwàá 2010. A rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, a sì ní kí ó jọ̀wọ́ ohun ìní tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù náírà 191. Ní oṣù kẹjọ 2011, a gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò ṣègbé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ìpín níbẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìjìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídá owó padà fún ẹni tí a rẹ́ jẹ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé àṣẹ wà fún ènìyàn láti fara da àdánù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ fún un láti fara da àdánù ẹlòmíràn. Ẹni tí ó dárí owó ara rẹ̀ jì, ọrẹ ni ó ṣe. Ẹni tí ó fi owó opó tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ dárí jini, olè ni ó ràn lọ́wọ́. Ìwé Òwe, orí kọkànlélọ́gbọ̀n, pàṣẹ pé kí a la ẹnu wa fún àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀. Ta ni kò sì lè sọ̀rọ̀ ju olùfẹ̀yìntì tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti ja òun lólè?

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti 1995 mú kí ẹni tí àdánù rẹ̀ pọ̀ jù lọ máa ṣíwájú nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Enron ṣubú ní 2001, Yunifásítì California, tí ó pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 145, ni ó ṣíwájú gbogbo àwọn yòókù. Owó tí a gbà padà lé ní bílíọ̀nù dọ́là 7, àwọn báńkì tí a fi ẹ̀sùn ìrànlọ́wọ́ kàn ni ó sì san púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó purọ́ nìkan ni ó ń san ìtanràn, àwọn tí ó ní ìpín níbẹ̀ lónìí, tí olùkọ́ wà lára wọn, ni wọ́n ń san án: owó kúrò nínú àpò òsì, ó bọ́ sí àpò ọ̀tún. Agbẹjọ́rò tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run yóò lépa ọwọ́ tí ó kọ irọ́ náà gan-an, àti ọwọ́ tí ó gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò pẹ̀lú ṣọ́ra. William Lerach ni ó jẹ́ aṣíwájú àwọn agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ Enron fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2007 ó gbà pé òun jẹ̀bi, nítorí àwọn ẹjọ́ mìíràn tí a ti san owó ẹ̀yìn fún àwọn tí ó fi orúkọ wọn pe ẹjọ́, tí a sì fi èyí pamọ́ fún adájọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni a dá fún un ní 2008. Ẹni tí ó ti ń dá onírọ́ lẹ́bi láti ọdún wá, irọ́ ni ó mú un. Òtítọ́ ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kọ́ òfin ní ìlú wa yìí, iṣẹ́ ń bẹ níwájú yín. Òfin 1999 ti dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún ọ̀ràn ìpín-ìdókòwò ní Nàìjíríà, a sì tún òfin náà ṣe ní 2007 àti ní 2025. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kì í dìde lọ wá ẹni tí a rẹ́ jẹ sí ilé rẹ̀.

Àti àwa yòókù, olùkọ́, akápò ìjọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí a rántí ìríjú inú Lúùkù orí kẹrìndínlógún, ẹni tí ó ní kí àwọn ajigbèsè ọ̀gá rẹ̀ tún iye gbèsè wọn kọ. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ti pè é pé kí ó wá ṣírò iṣẹ́ ìríjú rẹ̀. A ó pe àwa náà. Bí a bá ka ìwé ìṣirò ní ìpàdé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kàn pàtẹ́wọ́ kí a sì dìde. Ẹ jẹ́ kí a béèrè, kí ẹni tí a bi sì dáhùn láìbínú. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ mímọ́ àti ẹnu tí kì í yadi níwájú ìrẹ́jẹ. Àmín.