Ìbéèrè tí Ó Ń Wá Òtítọ́ àti Ìbéèrè tí Ó Ń Dẹkùn

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìrìbọmi, Òfin Kẹjọ kọ ẹ̀rí èké fún wa. Ẹlẹ́rìí nìkan ha ni òfin yìí ń bá wí bí? Rárá o. Ó kan ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba ni láti bi olùjẹ́jọ́ léèrè. Iṣẹ́ rere ni, nítorí ẹni tí a ṣe ní ibi ní ẹ̀tọ́ sí ìdájọ́ òdodo. Ibo wá ni ìbéèrè ti ń di ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ wo ẹjọ́ Jeanne d'Arc ní ìlú Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1431. Ọmọbìnrin ẹni nǹkan bí ọdún 19 ni, kò mọ̀wé, kò sì ní alágbàwí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ pé òun wà nínú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò pè é ní agbéraga, nítorí Ìjọ ń kọ́ni pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú mọ èyí fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní rárá, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó dáhùn pé bí òun kò bá sí nínú rẹ̀, kí Ọlọ́run fi òun sí i. Bí òun bá wà nínú rẹ̀, kí Ó pa òun mọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n dáná sun ún ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún. Ní ọdún 1456 a fagi lé ìdájọ́ náà. Ní ọdún 1920 Ìjọ kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́.

Àwọn baba wa ní: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Ẹni tí ó béèrè ohun tí gbogbo èsì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́, bí ẹni méjì tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò lè tú irọ́ fó, ó lè béèrè títí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dẹkùn, kò sì gbọdọ̀ fi ìyà fa ọ̀rọ̀ jáde. Ní ọdún 866 ni Póòpù Nicholas Kìíní ti kọ̀wé sí àwọn ará Bulgaria pé ìjẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni wá.

Ní ọjọ́ Ìrìbọmi, a ó bi yín bóyá ẹ kọ Sàtánì sílẹ̀, bóyá ẹ gbàgbọ́. Ìjọ yóò dúró de èsì yín, kì yóò fi ipá gbà á. Nítorí náà, bí owó bá sọnù nílé, tí ẹ sì pe ọmọ tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ láti bi í léèrè, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èsì tí ẹ kò retí.