Ẹlẹ́rìí Tí Kò Débẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2018. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí a jọ jáde nínú ìdàpọ̀ yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ushafa ló ti bẹ̀rẹ̀, abúlé àwọn Gbagyi nítòsí Bwari, ní agbègbè olú-ìlú wa Àbújá. Ibẹ̀ ni mo ń gbé nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Bill Clinton, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2000, kò sì sí àlejò tí wọn kò ní sọ ọ́ fún kó tó jókòó. Èmi ní tèmi, ìkòkò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í dúró ni mo fi ń rántí abúlé náà.

Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ló wà lórí Steemit. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Ibi ìkọ̀wé ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá kọ nǹkan síbẹ̀, tí àwọn èèyàn dìbò fún un, yóò gba owó, irú owó orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní STEEM. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ẹyọ kan rẹ̀ gòkè kọjá dọ́là méje. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ lójú àgùnbánirọ̀ tó ń gba ₦19,800 lóṣù.

Kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan ló ń gbowó. Nígbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí àkọsílẹ̀ kan bá pa jẹ́ ti àwọn tó dìbò fún un, ẹni tó bá sì tètè dìbò lè jẹ ju ẹni tó pẹ́ lọ. Èrò àwọn tó dá a sílẹ̀ kò burú: kí èèyàn máa kàwé, kó ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ yẹn fún un. Àmọ́ agbára ìbò ní ìwọ̀n. Bí ìbò mẹ́wàá tó kún ni èèyàn ní lójúmọ́, èyí tí kò bá lò ti ṣòfò. Ta ló fẹ́ kí owó ṣòfò? Báyìí ni rọ́bọ́ọ̀tì ṣe wọlé. Wàá kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí o fọkàn tán sílẹ̀ fún un, wàá sọ ìṣẹ́jú tí kó dìbò, wàá sì lọ sùn. Bí wọ́n bá ti gbé nǹkan jáde, á dìbò lórúkọ rẹ.

Èmi náà ṣe é. Iná máa ń lọ ní Ushafa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tẹ̀ lé e, mo sì ní àwọn ọmọ láti kọ́ láàárọ̀. Orúkọ mẹ́rìnlá ni mo kọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni arákùnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìdàpọ̀, tó ń sin ìlú ní Ìlọrin.

Lóru ọjọ́ kan, arákùnrin yìí kọ nǹkan. Láàárọ̀, fóònù mi dún. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ṣé. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi lóru àná. Wákàtí kan kò tíì pé tí mo kọ ọ́ tí mo fi rí orúkọ rẹ níbẹ̀. Ó yé mi pé o ń bá mi sunkún."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ńṣe ni mo rọra ń tẹ́tí sí i, títí tó fi ní ọjọ́ Ẹtì ni àwọn yóò sin màmá. Mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run yóò tù yín nínú." Mo sì gba ọpẹ́ tó dú. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, gẹ́gẹ́ bí ètò ibẹ̀, ìpín tèmi wọlé lórí ikú ìyá rẹ̀. Kò tó owó àkàrà.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo dá? Ẹ má tètè dáhùn. Mo sọ ọ́ fún arábìnrin kan tó ń kàwé nílé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní Bwari, ó ní òun ò rí irọ́ níbẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé rọ́bọ́ọ̀tì ń dìbò, nítorí náà ìbò kò túmọ̀ sí pé mo kà á, pé mo wà lẹ́yìn òǹkọ̀wé náà ló túmọ̀ sí. Ó ní, "Ṣebí àwa Yorùbá ń rán aṣojú? Bí ẹ ò bá lè dé ibi òkú, ẹ ó fún àbúrò yín ní àpòòwé, orúkọ yín ni wọn á kọ sílẹ̀. Ta ni yóò pè yín ní òpùrọ́?"

Ọ̀rọ̀ aṣojú yìí bá mi jà pẹ́, torí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá ránṣẹ́. Ẹ wo 1 Tẹsalóníkà orí 3: kò lè lọ fúnra rẹ̀, ó rán Tímótì. Àmọ́ ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ kà á síwájú. Tímótì padà. Ó mú ìròyìn àwọn ará bọ̀, ìròyìn náà ló sì tu Pọ́ọ̀lù nínú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́. Àbúrò tí mo bá rán lọ síbi òkú yóò padà wá sọ fún mi pé ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ti wú, pé kò jẹun láti àná, pé owó pósí kò tíì pé. Èmi náà á wá mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe. Rọ́bọ́ọ̀tì mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó fi orúkọ mi síbẹ̀, kò sì padà wá jíṣẹ́. Ó ṣojú fún mi, ojú mi kò sì rí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní, "Mo mọ òǹkọ̀wé yẹn, ohun tó kọ kò lè burú," màmá kan tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa ti dá a lóhùn láìmọ̀. Mo lọ ra ìkòkò méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn lé itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kàn wọ́n, ó sì tẹ́tí gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n? Haúsá mi kò dán, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ yé mi: òun ló mọ ọ́n lóòótọ́, iná ló sì sun ún. Ó yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìyẹn kì í ṣe títà.

Amòfin wa kò sì wo ibi tí owó ti ń wá. Àpò kan náà ni wọ́n ti ń bu owó ojúmọ́ fún gbogbo òǹkọ̀wé Steemit, àpò náà sì ní ìwọ̀n. Bí ìbò mi bá gbé owó fún ohun tí mi ò kà, lára ìpín ẹlòmíràn ni mo ti bù ú. Àwọn kan tiẹ̀ ń ta ìbò rọ́bọ́ọ̀tì ní gbangba: o sanwó, o gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ nǹkan gidi, tí kò lówó tí yóò fi ra ìbò, á wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Òfin tó wà nínú Ẹ́kísódù 20 lórí ẹ̀rí èké kò dá irọ́ nìkan dúró, ó mẹ́nu kan ẹnìkejì tí ẹ̀rí náà yóò bà lé. Èmi náà ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀ lórí Steemit, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Kí n má ṣègbè: rọ́bọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ló burú. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Curie. Àwọn èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń kàwé fún ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń wá òǹkọ̀wé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, ìbò ẹ̀rọ àwọn mìíràn á tẹ̀ lé tiwọn. Ojú èèyàn ló ṣíwájú níbẹ̀, mi ò sì rí ẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu pé "ẹlẹ́rìí" gan-an ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn tí ìbò ń yàn láti máa bójú tó àkọsílẹ̀ owó Steem. Lóṣù Kejì ọdún 2020, Justin Sun ra ilé-iṣẹ́ Steemit. Lóṣù Kẹta, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ owó mẹ́ta, Binance, Huobi àti Poloniex, fi owó tí àwọn oníbàárà fi pamọ́ sọ́wọ́ wọn dìbò láti yọ àwọn ẹlẹ́rìí tó wà lórí oyè. Wọn kò bi àwọn tó ni owó léèrè. Binance àti Huobi padà fa ìbò wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilé ti dàrú. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ọ̀pọ̀ èrò kúrò níbẹ̀, wọ́n dá Hive sílẹ̀.

Àwa tí a wà nínú ìdàpọ̀ kò tiẹ̀ nílò rọ́bọ́ọ̀tì kí a tó ṣe irú rẹ̀. Arábìnrin kan kọ ọ́ sórí WhatsApp wa lẹ́ẹ̀kan pé àbájáde àyẹ̀wò òun kò dára. "Àmín" mẹ́tàdínlógún ló kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ kejì ni ẹnìkan tó béèrè pé àyẹ̀wò kí ni. Èmi wà nínú àwọn mẹ́tàdínlógún náà.

Mo pa ètò ìbò yẹn kí n tó kúrò ní Ushafa, àmọ́ ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó ní ìgboyà láti pe ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Ṣé o ti wá kà á báyìí?"

Mi ò tíì kà á.

Ó ní, "Lọ kà á."

Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ nípa ẹ̀wà tí màmá máa ń sè fún àwa akọrin nígbà tí a bá yà sílé wọn, àti bí wọ́n ṣe máa ń béèrè àlàáfíà wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá pè é lórí fóònù. Orúkọ mi wà ní ìpínrọ̀ kẹta.