Okùn ni kí a mú wá, kì í ṣe ọ̀bẹ



Àwọn baba wa a máa wí pé, ọjọ́ tí erin bá ṣubú ni à ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Òwe yìí kì bá tí bà wá nínú jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé inú igbó ọdẹ nìkan ni ó mọ. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ìjọ Ọlọ́run. Bí ẹnì kan nínú wa bá ṣubú, kí ilẹ̀ tó mọ́, ahọ́n ti di ọ̀bẹ ní ọjà, ní ilé ẹ̀kọ́, àní ní àgbàlá ilé Ọlọ́run pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti kọ́ àwọn ará Gálátíà, ní orí kẹfà ìwé rẹ̀ sí wọn, bí ó ti yẹ kí a fi ọkàn tútù gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde. Ìtàn ìrìnàjò kan ni a ó fi ṣe àpèjúwe ẹ̀kọ́ náà.

Ilẹ̀ ńlá kan wà ní ìpẹ̀kun ayé ní ìhà gúúsù, Antarctica ni orúkọ rẹ̀; òjò dídì àti yìnyín ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1914, Ernest Shackleton gbéra láti la ilẹ̀ náà já láti etí òkun kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ní ọdún 1915 yìnyín fún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ títí ó fi fọ́, ó sì rì. Ó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1957 kí Vivian Fuchs àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n gùn ni èyí tí à ń pè ní Sno-Cat, tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 3. Kì í ṣe táyà ni ó fi ń rìn bí kò ṣe ẹ̀wọ̀n irin gbòòrò, kí ó má ba à rì sínú òjò dídì.

Ṣùgbọ́n ewu ilẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Yìnyín a máa là, a sì di ọ̀gbun jíjìn. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yóò kó òjò dídì bò ó lójú, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń fi ewé bo ọ̀fìn. Nítorí náà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí a máa fi ẹsẹ̀ rìn ṣíwájú ọkọ̀, wọn a sì máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ láti mọ ibi tí ó ṣófo. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, ilẹ̀ là lábẹ́ ọkọ̀ kan, ó sì rọ̀ dirodiro lórí ọ̀gbun. Ọkọ̀ ta ni? Ọkọ̀ Fuchs fúnra rẹ̀ ni, olórí wọn, tí ó ṣíwájú.

Ẹ kíyèsí ohun tí àwọn ìyókù ṣe. Wọn kò dúró ní bèbè kí wọ́n máa bi í pé níbo ni ojú rẹ̀ wà. Wọ́n so okùn alágbára mọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ kan ń fà á láti iwájú, àwọn mìíràn sì dì í mú láti ẹ̀yìn kí ó má ba à já bọ́. Wọ́n sì ti afárá irin fífúyẹ́ bọ̀ ọ́ lábẹ́, kí ó lè rí ohun tẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gòkè.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni èyí kọ́ wa. Èkíní, ẹni tí ó ṣíwájú ni ilẹ̀ kọ́kọ́ ń là mọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ipò yín tàn yín jẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ má sì ṣe yọ̀ bí aṣíwájú bá kọsẹ̀.

Èkejì, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, asán ni ó ń yí. Nítorí náà kò tó kí a wí fún ẹni tí ó ṣubú pé kí ó gbìyànjú kí ó dìde. Ohun tí yóò tẹ̀ ni kí a tẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń fà kò gbọdọ̀ ṣàìní ẹni tí ń dì mú. Ìbáwí ni okùn iwájú, ó sì tọ́, nítorí a kò wí pé kí a pe ọ̀gbun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa àṣírí rẹ̀ mọ́, tí ó ń bẹ aya àti ọmọ rẹ̀ wò, tí ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, òun ni okùn ẹ̀yìn. Bí èyí kò bá sí, fífà nìkan lè sọ ẹni náà sínú ọ̀gbun.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1958, ẹgbẹ́ Fuchs dé òpin ayé ní gúúsù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, lẹ́yìn ọjọ́ 99, wọ́n dé etí òkun kejì ní Scott Base. Ọkùnrin 12 ni wọ́n, gbogbo wọn sì dé láàyè. Ọkọ̀ tí ó ti rọ̀ lórí ọ̀gbun náà dé pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin ará, ta ni a kò tíì rí nínú ìjọ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn? Ta ni ìtìjú lé kúrò ní ìjókòó rẹ̀? Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹnì kan nínú wa lọ sí ilé rẹ̀, kì í ṣe láti wádìí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe láti na okùn sí i.

Kí Olúwa, ẹni tí ó na ọwọ́ sí Pétérù nígbà tí ó ń rì, kọ́ wa ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Àmín.